Ẹ Jẹ́ Ká Padà Sídìí Ààrò: Ìkéde Àwa Tí À Ń Dáná Nílé

Àwa tí a fọwọ́ sí ìkéde yìí kì í ṣe alásè, a kì í sì í ṣe olówó. Ìyá ọlọ́mọ wà nínú wa, bàbá wà níbẹ̀, àpọ́n tó ń gbé yàrá kan wà níbẹ̀, ìyá àgbà tí apá rẹ̀ kò ká ọmọ odó mọ́ náà wà níbẹ̀. Ohun tó pa wá pọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: a gbà pé oúnjẹ tí a fi ọwọ́ ara wa sè, tó gbóná, tó sì kárí ilé, ló tó wa jẹ lójoojúmọ́, òun náà ló sì tó láti fi ṣọdún.

Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. A ò bá àgbà jiyàn, àmọ́ ojú wa ti rí ọbẹ̀ tí owó pa tí kò dùn. Wọ́n da ẹran màlúù sí i, wọ́n da ṣàkì sí i, wọ́n kó pọ̀nmọ́ àti panla lé e, wọ́n tún bó Maggi bíi mẹ́fà sínú rẹ̀, síbẹ̀ ata ọ̀hún ń kan lẹ́nu nítorí pé ẹni tó sè é ń kánjú. Ata tí kò jinná kò mọ̀ pé ẹran wọ́n. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé sùúrù ni èlò ọbẹ̀ àkọ́kọ́, kí owó tó tẹ̀ lé e.

Ẹ wo ẹ̀fọ́ rírò. Ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀, ìdì mélòó kan. Ata rodo, tàtàṣé, àlùbọ́sà. Epo pupa, irú, iyọ̀, àti ẹja gbígbẹ bó bá wà. Ẹ ó kọ́kọ́ gbé ata lílọ̀ kaná kí omi ara rẹ̀ lè gbẹ. Ẹ ó bu omi gbígbóná sórí ẹ̀fọ́ tí ẹ ti rẹ́, ẹ ó sì fún un dáadáa, torí omi ara ẹ̀fọ́ ló ń ba ọbẹ̀ jẹ́. Tí epo bá gbóná, àlùbọ́sà ni yóò kọ́kọ́ wọbẹ̀, irú á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ata. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sáré. Ẹ jẹ́ kó máa dín, ẹ máa rò ó, títí epo yóò fi yọ sókè tí yóò sì dá dúró lórí ata. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó da ẹja àti ẹ̀fọ́ sí i, kí ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ má sì dé ìkòkò, kí àwọ̀ ẹ̀fọ́ má baà ṣá. Ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, ó parí. Ẹni tó wà ní Peckham ní London tí kò rí ṣọkọ rà, kó fi spinach ṣe é. Kó ṣáà fún un ju bó ṣe máa fún ṣọkọ lọ, torí omi pọ̀ nínú rẹ̀. Owó kọ́ ló pa irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

A kò gbógun ti Maggi. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò tíì lè fi í sílẹ̀, a ò sì ní purọ́. Ohun tí a kọ̀ ni kí Maggi lé irú kúrò ní ìdí ààrò. Ẹ rò ó wò: obìnrin tó ń ṣe irú a máa se hóró igi igbá fún ọ̀pọ̀ wákàtí, á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo rẹ̀ lè bọ́, á fọ̀ ọ́, á tún un sè, á wá bò ó síbi tó móoru fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta títí òórùn rẹ̀ yóò fi jáde. Ẹni tó ṣe gbogbo wàhálà yìí ti bá wa se ìdajì ọbẹ̀ kó tó gbé e dé ọjà. Bí òórùn irú bá wá ń ti ọmọ yín lójú níwájú àlejò, ẹ bi í pé ta ló kọ́ ọ nírú ìtìjú bẹ́ẹ̀.

A kéde pé ẹni tó bá máa jẹ, yóò bá wọn dáná. Ọmọkùnrin tó mọ gbogbo kọ́rọ́ inú fóònù lè mọ bí wọ́n ṣe ń ro àmàlà tí kò fi ní kókó. Bàbá tó wà nílé lè ṣa ẹ̀wà, ó lè bẹ iṣu, kò sí ohun tí yóò ṣe ipò rẹ̀. Ọjọ́ ọdún ló burú jù. Ìyá á ti jí kí àkùkọ tó kọ, èéfín á kó sí i lójú, nígbà tí àwọn yòókù bá sì wọṣọ tuntun tí wọ́n jókòó ti abọ́, òun ṣì wà lẹ́yìn ilé pẹ̀lú ìró àná. Ọdún tí ìyá ilé kò bá wọn ṣe, kí la fẹ́ pe ìyẹn?

A ò sọ pé kí ọjọ́ ọdún rí bí ọjọ́ lásán. Ẹ padìẹ, ẹ se ìrẹsì. Ohun tí a kọ̀ ni kí oríṣi oúnjẹ mẹ́fà kún tábìlì kí àlejò lè ròyìn, kí ará ilé wá máa san gbèsè rẹ̀ lẹ́yìn tí ọdún ti lọ. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ̀yin Mùsùlùmí inú wa mọ̀ pé ẹni tó lágbára ni pípa ẹran Iléyá wà fún. Ẹ̀sìn kò ní kí ẹnikẹ́ni yáwó ra àgbò. Ẹni tó bá sì pa á, àṣà tí gbogbo wa mọ̀ ni pé apá kan jẹ́ ti ilé, apá kan ti ẹbí àti ará àdúgbò, apá kan ti aláìní. Lóde òní, fíríìsà ló ń jẹ apá ti aláìní nílé ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá fẹ́ rí oúnjẹ kékeré tó gbé ọdún ńlá dúró, ẹ lọ sí Èkó lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú Ọdún Àjíǹde. Ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọ Àgùdà, tí àwọn babańlá wọn padà dé láti Bràsíl, máa ń se Frejon. Wọ́n á se ẹ̀wà títí yóò fi rọ̀ pátápátá, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á pò ó mọ́ omi àgbọn lórí iná, wọ́n á fi ṣúgà sí i, wọ́n á sì fi ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ja jẹ ẹ́, torí ọjọ́ yẹn kì í ṣe ọjọ́ ẹran. Wọ́n á bù ú fún aládùúgbò, ẹni yòówù kí ẹ̀sìn rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀wà, àgbọn, ẹja: kò sí èyí tó jẹ́ oúnjẹ ọba nínú wọn, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń retí ọjọ́ náà látọdún dọ́dún.

Àkàrà náà ńkọ́? Ẹ̀wà, àlùbọ́sà, iyọ̀ àti epo pupa. Àwọn ìyá wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia kò mú ìwé ìdáná kankan dání, orí wọn ni wọ́n fi gbé e dé ọ̀hún. Wọ́n ṣì ń dín in níbẹ̀ dòní, acarajé ni wọ́n ń pè é, ìjọba Bràsíl sì ti kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń tà á mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà ní 2005. Oúnjẹ tó nílò ogún èlò kò lè la irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ já.

Lórí mọ́ínmọ́ín, a ti jiyàn láàárín ara wa, kò sì tíì tán. Àwọn kan ní dandan ni kó jẹ́ ẹlẹ́mìí méje, ìyẹn èyí tí wọ́n fi èròjà méje há nínú. Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí rò pé ẹ̀mí kan tó o, bí wọ́n bá ti bó ẹ̀wà náà dáadáa tí ata àti epo rẹ̀ sì pé. Lórí ewé, ohùn wa ṣọ̀kan: a kò ní fi ọ̀rá se mọ́ínmọ́ín mọ́. Ewé eéran là ń fẹ́. Ẹ gé igi ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, ẹ tò ó sísàlẹ̀ ìkòkò kí mọ́ínmọ́ín má baà jóná, ẹ wá ká ewé náà kó rí ṣóńṣó nísàlẹ̀, ẹ ṣẹ́ ìdí rẹ̀, ẹ bu ẹ̀wà lílọ̀ sí i, ẹ pa á lẹ́nu dé. Níbi tí ewé kò bá sí, abọ́ irin kékeré dára ju ọ̀rá lọ.

A ò ní káàdì ẹgbẹ́, a ò sì ní gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán, kí gbogbo ará ilé jọ jẹun látinú ìkòkò kan, kí tẹlifíṣọ̀n dákẹ́, kí ẹni tí kò bá wọn sè é fọ abọ́. Kí olúkúlùkù wa sì kọ́ ọmọ kan ní ọbẹ̀ tàbí oúnjẹ kan kí ọdún yìí tó parí: ìkọ́kọrẹ́ fún ọmọ Ìjẹ̀bú, gbẹ̀gìrì fún ọmọ Ọ̀yọ́, tàbí èyíkéyìí tí ẹ bá mọ̀ ọ́n sè jù. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀kankan, kó pe ìyá tàbí àǹtí rẹ̀ lórí fóònù kó bi í. Ẹ̀fọ́ ò wọ́n tó ohun tí a ò lè bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ká tó mọ̀ ọ́n rò. Bí tiyín bá sì jinná, ẹ ránṣẹ́ sí wa. A ò ní kọ oúnjẹ.