Ẹ yé bú bráúsà, ẹni tó ni sáìtì ni kẹ́ ẹ bi

1/ Gbogbo ìgbà tí Chrome tàbí Firefox bá ti ṣe àpdéètì, ariwo kan náà la máa ń gbọ́ ní Ìtamaga: "Àpdéètì yìí ti ba fóònù mi jẹ́! Sáìtì ò ṣí mọ́!" Ẹ̀yin èèyàn mi, irọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́.

2/ Kí bráúsà tó gbé páásíwọ́ọ̀dù yín fún sáìtì, ó máa kọ́kọ́ bi í pé: "Ta ni ẹ́? Sátífíkéètì ẹ dà?" Àwọn méjèèjì á sì fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe máa pa ọ̀rọ̀ wọn mọ́. Tí sátífíkéètì bá ti kọjá ọjọ́, tàbí tí ọ̀nà ìpamọ́ náà bá ti gbó, bráúsà á ní òun ò ṣe.

3/ Kí ló dé tó jẹ́ lẹ́yìn àpdéètì ló ń kọ̀? Torí àpdéètì ló ń kọ́ ọ ní ohun tí kò gbọ́dọ̀ gbà mọ́. TLS 1.0 ti wà láti 1999, TLS 1.1 láti 2006. Ní oṣù kẹwàá 2018, Google, Mozilla, Apple àti Microsoft kéde pé àwọn máa pa méjèèjì tì ní 2020. Firefox 78 àti Chrome 84 sì ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ tipẹ́! Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

4/ Ẹ má sọ pé kò sówó o. Let's Encrypt ti ń fúnni ní sátífíkéètì lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2015. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 sì ní kí ẹni tó bá gba ìsọfúnni yín dáàbò bò ó. Ẹni tó ń gba NIN àti BVN yín tí ò ṣe èyí, ọ̀lẹ ni.

5/ Àwọn tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń gbowó láti "yọ àpdéètì". Wọ́n á tún ní: "Tẹ Advanced, tẹ Proceed, kò séwu." Kò séwu báwo? Ẹni tó bá wà láàárín ẹ̀yin àti sáìtì náà lè ka páásíwọ́ọ̀dù yín bí ẹni ń ka pátákó lójú títì. Tẹ́ ẹ bá sì yọ àpdéètì, gbogbo ihò tí wọ́n ti dí lẹ tún lu padà yẹn. Ajá ń gbó olè, ẹ wá ń na ajá!

6/ Kẹ́ ẹ tó pariwo:
– Ṣé gbogbo sáìtì ló kọ̀? Ọ̀dọ̀ yín ni. Ẹ wo ọjọ́ àti aago fóònù. Tó bá ti padà sí 1970, kò sí sátífíkéètì tó máa bá a mu.
– Aago dáa? Ẹ pa VPN, ẹ kúrò lórí Wi-Fi ọ̀fẹ́, ẹ lo dátà yín. Lórí kọ̀ǹpútà, antivirus náà lè fà á.
– Sáìtì kan ṣoṣo ni? Tiwọn ni! Ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ tàgì wọn, ẹ má tẹ nǹkan kan síbẹ̀.

7/ Ọlọ́dẹ ni bráúsà yín. Ìgbà tó bá ń kọ̀ gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ yọ àpdéètì lónìí.