Ta Ló Sọ fún Àgbẹ̀?

NAFDAC, àjọ tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn, ti ṣe tiwọn. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025, oògùn koríko tí wọ́n ń pè ní atrazine kò gbọdọ̀ sí lọ́jà mọ́. Paraquat, oògùn koríko mìíràn, ti gba ìwé gbélé-ẹ tirẹ̀ ní ọdún kan gééré ṣáájú. Ó dára, a kí wọn. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún àgbẹ̀?

Bóyá àwọn ọ̀gá wa rò pé ìyá tó ń gbin àgbàdo lẹ́yìn Ṣáṣá n'Ìbàdàn máa ń ka ìkéde òyìnbó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó mú àdá. Oògùn tó ti rà sílé ńkọ́? Ta ló wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Ibo ni kó dà á sí?

Ẹ bá wa yà sí oko kan lọ́nà Mọ́níyà. Ọmọrí ìgò ni wọ́n fi ń wọn oògùn. Bí koríko bá lágídí, wọ́n á fi ọmọrí kan lé e. Garawa tí wọ́n fi ń fa omi mímu náà ni wọ́n fi ń pọn omi sínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pọ̀n sẹ́yìn. Bí iṣẹ́ bá tán, ẹ̀bá kànga ni wọ́n ti ń ṣan ẹ̀rọ ọ̀hún, omi funfun á sì rọra wọlẹ̀ padà sí ibi tó ti wá. Ìgò ńkọ́? Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á rọ epo pupa sí i.

Kànga tí a fọwọ́ gbẹ́ lágbègbè wa kì í jìn, nítorí àpáta ló wà nísàlẹ̀. Omi tó rin ilẹ̀ oko ni à ń fà mu. Torí omi abẹ́ ilẹ̀ gan-an ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe lé atrazine lọ ní 2004. Ìwọ̀n tí wọ́n fàyè gbà nínú omi mímu kò ju gíráàmù kan nínú tánkà omi ẹgbẹ̀rún kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà 10,000. Àwa ń fi ọmọrí wọ̀n ọ́n! Ajílẹ̀ òyìnbó náà ò gbẹ́yìn: náítíréètì inú rẹ̀ tó bá wọ kànga léwu fún ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń fi omi náà po mílíìkì fún.

A mọ̀ pé àgbẹ̀ náà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀, a sì mọ̀ pé owó lébìrà tí ì bá bá a roko ti kọjá agbára rẹ̀. Ohun tó ń bí wa nínú ni pé láyé ADP, ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀, òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn máa ń gun máṣíìnì wá bá a lóko. Lónìí, ẹni tó ń tà á lóògùn nìkan ló kù tó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Olùkọ́ rere! Bẹ́ẹ̀ ọgbà IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, kò ju ìrìn máàrúwá díẹ̀ sí Ṣáṣá.

Kí ìjọba Ọ̀yọ́ dá àwọn òṣìṣẹ́ náà padà sí Akínyẹlé, Lagelu, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, kí wọ́n gba oògùn tó kù àti òfìfo ìgò, kí wọ́n sì yẹ omi kànga wò kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Rédíò BCOS wà níbẹ̀ láti fi sọ fún àgbẹ̀. Wọ́n gbọ́ Yorùbá.