Ta Ló Ń Yẹ Òṣùwọ̀n Wò? Ẹ̀kọ́ Tó Wà Nínú Ọ̀rọ̀ iPhone 12 Nílẹ̀ Faransé

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2023, àjọ ANFR tó ń ṣàkóso ìgbì rédíò nílẹ̀ Faransé pàṣẹ fún ilé-iṣẹ́ Apple pé kó dáwọ́ títa iPhone 12 dúró ní orílẹ̀-èdè náà. Fóònù náà kò gbiná. Àṣẹ yẹn kò sì wá láti ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni tó sọ pé ó ṣe òun léṣe. Ohun tó fà á ni pé àjọ ọ̀hún mú fóònù náà láti inú ọjà, wọ́n gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò, wọ́n wọn agbára ìgbì rédíò tó ń wọ ara ẹni tó bá dì í mú, wọ́n sì rí i pé ó ju ohun tí òfin gbà lọ. Nígbà yẹn, fóònù náà ti wà lórí àtẹ fún bí ọdún mẹ́ta.

Bí irú ìròyìn yìí bá bọ́ sórí WhatsApp, kíá ló máa ń yí padà. Ẹnì kan á ní fóònù ti fẹ́ fi jẹjẹrẹ pa gbogbo wa, ẹlòmíì á ní ìjà òwò àwọn òyìnbó ni, kò kàn wá. A kò tíì gbàgbé ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé, tí ariwo sì gba ìlú pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì 5G ló fà á. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, àwọn kan dáná sun òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ní Nàìjíríà níbí, àjọ NCC ní láti jáde sọ pé òun kò tíì fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ 5G rárá. Áyà kẹfà nínú Súrátul-Hujurát sì ti kọ́ wa pé bí ẹni tí kò ṣeé gbára lé bá gbé ìròyìn wá, ká wádìí rẹ̀ dáadáa, ká má baà fi àìmọ̀ ṣe aláìṣẹ̀ níbi. Ẹ jẹ́ ká wádìí eléyìí náà.

Ohun tí wọ́n ń wọ̀n

Ìgbì rédíò ni fóònù fi ń bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀. Ìgbì yìí kì í ṣe irú ti ẹ̀rọ X-ray, kò ní agbára tó lè fọ́ èròjà inú ara sí wẹ́wẹ́. Ohun tí àwọn onímọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó lè ṣe ni pé, bó bá pọ̀, ó ń mú ẹran ara gbóná. Òdiwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bó ṣe pọ̀ tó ni wọ́n ń pè ní SAR, ìyẹn iye wáàtì tí ìwọ̀n kílò kan ẹran ara ń gbà sínú.

Àwọn onímọ̀ tó para pọ̀ sínú àjọ ICNIRP ló fi ìlànà lélẹ̀ lórí rẹ̀ ní 1998, wọ́n sì tún un gbé yẹ̀ wò ní 2020. Ní Yúróòpù, ààlà tí òfin fi sí i fún orí àti àárín ara ni wáàtì 2 fún kílò kan. Ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jẹ́ wáàtì 4. Gíráàmù 10 ẹran ara ni wọ́n ń pín ìṣirò yìí lé lórí. Ní Amẹ́ríkà, àjọ FCC fi ààlà ti orí àti ara sí 1.6, gíráàmù kan ṣoṣo ni àwọn sì ń lò. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi fóònù wé fóònù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo irú òṣùwọ̀n tí wọ́n lò, kó má lọ fi kóńgò ọjà kan wé kóńgò ọjà mìíràn.

Wọn kì í fi èèyàn ṣe àyẹ̀wò náà. Ike tó ní ìrísí orí tàbí ara èèyàn ni wọ́n ń lò, wọ́n á da omi kan sínú rẹ̀ tí wọ́n pò kó lè máa gba ìgbì sínú bí ẹran ara ṣe ń gbà á. Wọ́n á gbé fóònù tì í, wọ́n á mú kó máa fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́, ọwọ́ róbọ́ọ̀tì á sì máa ki ọ̀pá tín-ín-rín kan káàkiri inú omi náà láti mọ ibi tí ìgbì ti le jù. Ibi tó le jù yẹn ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Èyí fi hàn pé iye tí a ń rí nínú ìwé fóònù kì í ṣe iye tí a ń gbà lójoojúmọ́. Ó dà bí ẹrù tó wúwo jù lọ tí wọ́n gbé lé ọkọ̀ láti mọ̀ bóyá á lè rù ú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́

Fóònù 141 ni ANFR yẹ̀ wò nígbà náà, iPhone 12 sì wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n gbé e sí ìwọ̀n mìlímítà 5 sí ara, bí ẹni tó fi sápò kóòtù tàbí sínú báàgì, kò kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e fara kan ibi tó dúró fún ọwọ́ tàbí itan, bí ẹni tó dì í mú tàbí tó fi sápò ṣòkòtò, iye tí wọ́n rí jẹ́ 5.74. Mẹ́rin ni òfin gbà.

Apple ta kò ó. Wọ́n ní àwọn yàrá àyẹ̀wò ti yẹ fóònù náà wò kó tó jáde, oríṣiríṣi àjọ lágbàáyé sì ti fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, àlàyé jáde lórí ohun tó fa ìyàtọ̀ náà. Fóònù yìí ní ohun kan nínú tó ń mọ̀ bóyá ó wà lára èèyàn tàbí ó wà lórí tábìlì. Bó bá rò pé òun wà lórí tábìlì, ó lè fi díẹ̀ kún agbára tó fi ń ránṣẹ́ sí òpó. Ọ̀nà tí àwọn Faransé gbà ṣe àyẹ̀wò kò bá ìṣirò yẹn mu. Apple ṣe àtúnṣe sí sọ́fítíwíà fún àwọn tó ń lò ó nílẹ̀ Faransé, tí kò fi ní máa fi agbára kún un mọ́. ANFR wọ̀n ọ́n padà, wọ́n ní ó ti bófin mu, àtúnṣe náà sì dé sórí fóònù àwọn èèyàn ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tí wọ́n ká irọ́ mọ́ lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Fóònù kan náà, ọ̀nà ìwọ̀n méjì, èsì méjì. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá ti gba ìwé tí olùtajà mú wá tán, tí wọn kò sì tún yẹ ọjà wò mọ́, ta ni ì bá mọ̀?

Ṣé ewu wà?

Òótọ́ ní láti jáde níbí. Kì í ṣe ojú ibi tí ewu ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ààlà sí. Ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀, wáàtì 40 fún kílò kan ni ICNIRP kà sí ibi tó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ìgbóná, wọ́n sì fi ààlà gbogbo ará ìlú sí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Nítorí náà 5.74 kọjá òfin, ṣùgbọ́n ó ṣì jìnnà sí 40.

Lórí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ, ní ọdún 2011, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fi ìgbì rédíò sí ìpele 2B, ìyẹn àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ àmọ́ tí ẹ̀rí rẹ̀ kò tó. Ní ọdún 2024, àyẹ̀wò ńlá kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé fún àwọn onímọ̀, tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí ọdún gbọọrọ jọ, sọ pé àwọn kò rí ohun tó so lílo fóònù pọ̀ mọ́ jẹjẹrẹ inú ọpọlọ. Ẹni tó bá ń dẹ́rù ba ìyá àti bàbá wa pẹ̀lú ọ̀rọ̀ fóònù kò ní ẹ̀rí yìí lẹ́yìn.

Òṣùwọ̀n ni ọ̀rọ̀ wà

Kí ló wá dé tó fi yẹ ká bìkítà? Nítorí pé amánà ni òṣùwọ̀n. Súrà kan odidi wà nínú Àlùkùránì tó ń jẹ́ orúkọ àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù, Súrátul-Mutaffifín. Ní àwọn ìlú Mùsùlùmí láyé àtijọ́, àwọn aláṣẹ máa ń yan muhtasib, ẹni tó ń rìn káàkiri ọjà láti yẹ òṣùwọ̀n àti ìwọ̀n wò. Kì í jókòó de oníbàárà tó máa ké gbàjarè, kì í sì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà láìfi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wọ̀n. Oníbàárà kò ní òṣùwọ̀n nílé, ohun tó fi nílò ẹlòmíì tó máa bá a wọ̀n ọ́n nìyẹn.

Ti fóònù tún le ju ti ìrẹsì lọ. Ojú lè rí i pé ìrẹsì kò kún kóńgò. Kò sí ojú tó lè rí ìgbì rédíò. Iṣẹ́ muhtasib ni ANFR ṣe, àǹfààní rẹ̀ sì ni pé fóònù tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn gba àtúnṣe.

Ọjà tiwa ńkọ́?

Ní Nàìjíríà, Òfin Ìbánisọ̀rọ̀ ti ọdún 2003 ló gbé iṣẹ́ yìí lé NCC lọ́wọ́. Kí fóònù tó wọ ọjà wa, ó yẹ kí NCC ti fọwọ́ sí irú rẹ̀. Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjà wa, láti Computer Village ní Ìkẹjà dé ìsọ̀ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí wa. Fóònù tuntun, tòkunbọ̀ àti ayédèrú wà lórí àtẹ kan náà. Ayédèrú fóònù lè jọ ojúlówó bí ìbejì, ṣùgbọ́n ìwé àyẹ̀wò tí ojúlówó gbà kì í ṣe tirẹ̀. Kò sí yàrá àyẹ̀wò kankan tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìbéèrè tó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ wa, àwọn aṣòfin wa àti gbogbo oníbàárà máa bi NCC ni èyí: fóònù mélòó lẹ mú láti orí àtẹ lọ́dún yìí, kí lẹ sì rí? Kí wọ́n gbé èsì rẹ̀ síta, kí gbogbo ìlú lè kà á. Ìbéèrè yìí wúlò fún wa ju ariwo òpó 5G lọ.

Nínú ilé tiwa náà, iṣẹ́ wà fún wa. Ẹ tẹ *#07#, ọ̀pọ̀ fóònù ló máa fi iye SAR wọn hàn. Ẹ tẹ *#06# láti rí nọ́ńbà IMEI, kí ẹ sì rí i pé ó bá ti ara páálí mu kí ẹ tó sanwó. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá ti dára, agbára tí fóònù ń lò máa ń pọ̀ sí i, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ìpè gígùn dúró di ibi tó dára, tàbí kí ẹ lo gbohùngbohùn. Bí fóònù bá fi díẹ̀ jìnnà sí ara, ohun tó ń wọ ara ń dín kù púpọ̀. Kò yẹ kó máa sùn sábẹ́ ìrọ̀rí ọmọdé, kódà ká ní nítorí oorun wọn nìkan ni.

Ẹ má sì ra ońdè ìgbàlódé. Àwọn kan ń ta sítíkà àti ẹ̀gbà ọrùn pé ó ń lé ìgbì fóònù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, àjọ ANVS tó ń rí sí ààbò lórí ìtànṣán olóró ní orílẹ̀-èdè Netherlands kìlọ̀ nípa irú ọjà bẹ́ẹ̀ 10. Ẹ̀gbà ọrùn wà níbẹ̀, ẹ̀gbà ọwọ́ ọmọdé náà wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọ̀n wọ́n, wọ́n rí i pé àwọn gan-an ló ń tu ìtànṣán olóró jáde. Àwọn tó sá fún ohun tí wọn kò wọ̀n ti lọ fi owó ra ewu kọ́ ọmọ lọ́wọ́.

Ẹ̀rù kọ́ ló máa gbà wá, ìgbẹ́kẹ̀lé afọ́jú náà kọ́. Ẹni tó ń tà gbọ́dọ̀ wọ̀n, ẹni tó ń ṣọ́ ọjà gbọ́dọ̀ tún un wọ̀n, ẹni tó ń rà sì gbọ́dọ̀ béèrè èsì. Kí Ọlọ́hun fún wa ní àwọn alákòóso tó ń bẹ̀rù Rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, kó sì dáàbò bo àwọn ọmọ wa. Àmín.