Pálọ̀ Kì í Ṣe Gbọ̀ngàn Sinimá

Inú páálí sípíkà márùn-ún ni ìwé kékeré kan máa ń wà. Àwòrán inú rẹ̀ dùn-ún wò: ènìyàn kan jókòó sí àárín, sípíkà kan wà níwájú rẹ̀ gan-an, méjì wà lọ́tùn-ún àti lósì ní ìwọ̀n 30 digírì, méjì yòókù sì wà lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀ ní ìwọ̀n 110 digírì. Gbogbo wọn jìnnà sí i bákan náà. Ìlànà àjọ ITU nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní irú pálọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú àwa ayálégbé? Ilẹ̀kùn wà níbi tí sípíkà ọ̀tún ì bá wà, fíríìjì ti gba igun òsì, ibùsùn ọmọ sì wà lẹ́yìn àga. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn tọkọtaya ti ń bẹ̀rẹ̀: ṣé ilé ni kí a tún tò nítorí sípíkà, tàbí kí sípíkà gba bí ilé ṣe rí? Èkejì ni èmi fara mọ́, ìmọ̀ ẹ̀rọ sì gbè mí lẹ́yìn.

Bí ìró bá ti apá ọ̀tún wá, etí ọ̀tún ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti etí òsì kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ìyàtọ̀ kíún yìí wà lára ohun tí ọpọlọ fi ń mọ ibi tí ẹni tó pè wá wà. Bí sípíkà méjì bá wá sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, àárín wọn, níbi tí sípíkà kankan kò sí, ni a ó ti gbọ́ ọ.

“Lẹ́ẹ̀kan náà” yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí sípíkà òsì bá jìnnà sí àga ní mítà kan àti ààbọ̀, tí ti ọ̀tún jìnnà ní mítà mẹ́ta, ti òsì yóò fi ohun tó lé ní ìdá mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá ṣáájú. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni etí sì máa ń tẹ̀ lé. Òṣèré lè dúró sí àárín àwòrán, kí ohùn rẹ̀ máa ti ẹ̀gbẹ́ ògiri òsì wá. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí ẹ̀rọ dá ìró èyí tó súnmọ́ dúró díẹ̀, kí ó sì dín agbára rẹ̀ kù. Ọ̀pọ̀ ampilifáyà òde òní ni ó ní máìkì kékeré tí a ó gbé sí orí àga. Yóò gbọ́ ìró ìdánwò láti ara sípíkà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ yóò sì ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀. Inú páálí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi máìkì yìí sí títí páálí fi bá pàǹtírí lọ.

Ìyẹn yanjú ọ̀rọ̀ jíjìnnà. Ó ku ti igun. Ní 1997, Ville Pulkki, ará Fínlándì, gbé ọ̀nà kan jáde: sípíkà mẹ́ta tó yí ibi tí ó yẹ kí ìró ti wá ká ni ẹ̀rọ yóò yàn, yóò sì pín agbára láàárín wọn, èyí tó súnmọ́ ibẹ̀ jù ni yóò gba èyí tó pọ̀ jù. Kò béèrè pé kí wọ́n tò dọ́gba. Dolby Atmos, tó jáde ní 2012, kò jìnnà sí èrò yìí: fíìmù a máa gbé ìró wá pẹ̀lú àpèjúwe ibi tó yẹ kí ó wà, ẹ̀rọ inú ilé oníkálukú a sì pín in fún sípíkà tó bá bá níbẹ̀.

Kí a má tan ara wa ṣá. Bí sípíkà kankan kò bá sí lẹ́yìn, ìṣirò kò lè dá a sílẹ̀. Àga kan ṣoṣo ni ìwọ̀n máìkì náà sì máa ń tọ́ fún jù. Àga ta ni? Bí ó bá jẹ́ ti baálé ilé, ìyàwó tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri òsì yóò máa gbọ́ fíìmù tó dà sí òsì ní alaalẹ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí kì í fi í rí èrè owó tí wọ́n ná. Ẹ gbé máìkì sí àárín àwọn méjèèjì, tàbí kí ẹ wọn àga bíi mélòó kan bí ẹ̀rọ yín bá gbà bẹ́ẹ̀. Ní ti wáyà tó lọ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ògiri ni kí ẹ mú un gbà, kí ọmọ tó ń rákò má baà fà á.