Ẹ Má Ta Àkùkọ Irú

Bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé ní Ìsàn wa níhìn-ín, àkùkọ tó ga jù, tó sanra jù, ni a máa ń kọ́kọ́ gbé lọ sí ọjà. Èyí tó rù hangogo ni a ń fi sílẹ̀ fún àwọn àgbébọ̀. Irú ọmọ wo ni a wá ń retí?

Ní Marans, ìlú kan ní ilẹ̀ Faransé, ẹyin adìẹ wọn pọ́n dúdú bíi kóró kòkó gbígbẹ. Oúnjẹ kọ́ ló ṣe é. Ìran ni, ẹyin tó dúdú jù ni wọ́n ń ṣà fún ìsàba.

Àwa náà ní abólọ́rùn, tí àwọn oníbàárà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n ń dín owó rẹ̀. (Bí ẹni pé ọrùn ni wọn yóò jẹ!) Ìyẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, ooru tètè ń jáde lára rẹ̀, oòrùn kì í sì dà á láàmú tó adìẹ òyìnbó. Bí àkùkọ bá jẹ́ abólọ́rùn, bí ìdajì ọmọ rẹ̀, ó kéré tán, ni yóò jọ ọ́. Nínú adìẹ ìbílẹ̀ wa ni Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta ti ṣa FUNAAB Alpha, tí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé ìjọba ní 2018.

Nítorí náà, ẹ so aṣọ pupa mọ́ ẹsẹ̀ àkùkọ tó dára jù, kí ọmọdé má baà gbé e tà. Ọ̀kan tó àgbébọ̀ mẹ́wàá. Bó bá di ọdún kejì, ẹ fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ará Ìdó, kí ó má baà gun ọmọ ara rẹ̀. Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ wá oògùn lúkúlúkú. Èyí tí à ń kán sójú wà.