Ẹ Má Wọ Aṣọ Ẹbí Wọ Ọkọ̀ Òkun

Ó tún ti dé. Kí yìnyín tó yọ́ tán ní Brampton, àwòrán ọkọ̀ funfun gàgàrà kan á ti já bọ́ sínú WhatsApp yín: ẹnì kan fẹ́ pé ọmọ ọdún 50, ó sì fẹ́ ká wá bá òun ṣe é lórí òkun. Ọjọ́ méje, Miami sí Miami. Aṣọ alẹ́ àkọ́kọ́, funfun. Ti alẹ́ kẹta, àlùkò pẹ̀lú gèlè aláwọ̀ wúrà. Ti ọjọ́ tí wọ́n máa gé kéèkì, léèsì. Iye owó wà nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ kékeré kan sì jókòó síwájú rẹ̀: "bẹ̀rẹ̀ láti". Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ bá jà lónìí, òun àti àwọn tó ń fi í ránṣẹ́.

Mi ò bá cruise fúnra rẹ̀ jà o. Àwọn kan á ní nǹkan òyìnbó arúgbó ni, pé Yorùbá kì í lọ gbafẹ́ lórí omi. Àwọn yẹn ò bi àwọn àgbà ilé wọn léèrè ọ̀rọ̀. Kí ọkọ̀ òfurufú tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, ọkọ̀ Elder Dempster ni púpọ̀ nínú àwọn tó lọ kàwé nílùú ọba wọ̀. Aureol, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, ń lọ ó ń bọ̀ láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Èkó títí di 1974, bí ọ̀sẹ̀ méjì lórí omi. Òkun kì í ṣe àjèjì sí wa. Tí ẹ bá sì béèrè lọ́wọ́ mi, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ìlú Toronto yìí, tó ń dáná, tó ń gbé ọmọ lọ síléèwé, kò sí ìsinmi tó dà bíi pé kí ó wà níbi tí fóònù ò ti ní dún, tí ẹlòmíràn ń se oúnjẹ, tí ẹlòmíràn ń fọ abọ́. Ohun tí mo bá jà ni bí a ṣe sọ ọ́ di òwàḿbẹ̀, tí a sì fi gbèsè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tú "bẹ̀rẹ̀ láti" yẹn palẹ̀. Iye tó wà nínú àwòrán, ti yàrá inú ni, èyí tí kò ní fèrèsé kankan, tí ẹ ò ní mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti mọ́. Ti ẹnì kan nínú ẹni méjì ni pẹ̀lú. Ẹni tó bá dá lọ, tí kò rí ẹni bá pín yàrá, fẹ́rẹ̀ẹ́ máa san ti ẹni méjì. Ẹ fi owó orí àti owó èbúté kún un. Ẹ fi owó ìdúpẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ kún un: ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, ó ti tó dọ́là Amẹ́ríkà 16 sókè lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Tọkọtaya á san 224 ó kéré tán fún ọjọ́ méje, kí wọ́n tó mu ife ọtí kan. Ọtí ńkọ́? Níbi tó pọ̀, tí ọkọ bá ra ètò àmutẹ́rùn, dandan ni kí ìyàwó tí wọ́n jọ wà ní yàrá rà á, ì báà jẹ́ omi lásán ló ń mu. Íntánẹ́ẹ̀tì, owó ọ̀tọ̀. Ọkọ̀ òfurufú láti Pearson, owó ọ̀tọ̀. Dọ́là Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń ka gbogbo rẹ̀ lórí ọkọ̀. Owó tí wọ́n ń san fún wa ní Ontario, dọ́là Kánádà ni. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ìyàtọ̀ yẹn ṣe ń dunni.

Obìnrin kan wà tí mo mọ̀ ní ìhà Jane àti Finch. PSW ni, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó lálẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é sí irú àríyá yìí. Ó gba iṣẹ́ kún iṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta, ó fi ìyókù sórí káàdì gbèsè, ó rán aṣọ mẹ́ta. PR ni, ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní físà Amẹ́ríkà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó nílò rẹ̀. Wọ́n ní "ṣebí orí omi la máa wà". Pearson ló ti padà sílé. Owó rẹ̀ ò padà, torí ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé, bí ẹni tó kọ̀ tí kò wá ni wọ́n ń kà á. Nígbà tí fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti Nassau, yàrá arúgbó kan ní Etobicoke ló wà, ó ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹni tó pè é ni mo dá lẹ́bi. Wọ́n á ní kò sẹ́ni tó fi ipá mú un. Lóòótọ́, kò sí ìbọn. Ojú ni. Ta ni kò mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa ẹni tí kò yọjú? "Nígbà tó ń ṣe tirẹ̀ gbogbo wa la lọ o." Tó bá jẹ́ gbọ̀ngàn ní Rexdale ni, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tẹ́lẹ̀ lè fi dọ́là 50 sínú ápòòwé, kó jẹ ìrẹsì, kó jó díẹ̀, kó máa lọ sílé, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọkọ̀ òkun ò ní ẹnu ọ̀nà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwa kì í wo ilé ẹnikẹ́ni ká tó dá iye lé e lórí.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ pe èèyàn, kó kọ́kọ́ béèrè ìwé wọn kó tó béèrè ìwọ̀n aṣọ wọn. Tí ọkọ̀ bá máa gbéra ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní físà Amẹ́ríkà, ì báà ti jẹ́ PR láti ọdún 10 sẹ́yìn. Èyí tó gbéra ní Vancouver lọ sí Alaska náà ńkọ́? Amẹ́ríkà kan náà ló ń lọ. Ìlú kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ máa dúró sí ló ní òfin tirẹ̀, ẹ wò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí wọ́n lè dá yín padà ní èbúté nítorí erékùṣù kan tí ẹ ò tiẹ̀ ní in lọ́kàn láti sọ̀kalẹ̀ sí. Tí ó bá jẹ́ Barcelona lẹ ti wọkọ̀, tí ọkọ̀ yà sí Morocco kó tó padà sí Spéìn, físà Schengen tó jẹ́ ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò lè gbé yín dé ilé. Káàdì PR náà, ẹ rí i pé ọjọ́ rẹ̀ ò tíì kọjá. Òun lẹ máa fi hàn kí wọ́n tó gbé yín padà wá sí Kánádà.

Ẹ dákun, ẹ má gbọ́ ti ìbátan yín tó wà ní Houston, tó ń sọ pé òun ò mú ìwé ìrìnnà dání nígbà tí òun lọ. Òótọ́ ló ń sọ. Ọmọ Amẹ́ríkà ni: tí ọkọ̀ bá gbéra ní èbúté Amẹ́ríkà kan, tó sì padà sí ibẹ̀ náà, wọ́n lè fi ìwé ọjọ́ ìbí àti káàdì ìdánimọ̀ gbà á wọlé. Tirẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe tiyín.

OHIP náà, ẹ má gbọ́kàn lé e. Fún ẹni tí àìsàn òjijì bá dá dúró sí ọsibítù lẹ́yìn odi, dọ́là Kánádà 400 lóòjọ́ ló pọ̀ jù tí wọ́n máa san. 50 lóòjọ́ fún ìtọ́jú tí kò gba kí èèyàn sùn síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ sọ fún wa ohun tí 400 lè rà ní ọsibítù Florida. Ẹ ra inṣọ́ránsì, kí ẹ sì jẹ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ yín nígbà tí ẹ bá ń rà á. Ẹni tó bá fi pamọ́, ọjọ́ tó bá nílò owó ni wọ́n á rántí bi í.

Ó wá ku aṣọ. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í jẹ́ kí èrò gbé áyọ́nù wọlé, torí iná. Ìkòkò oníná àti àbẹ́là náà, bákan náà. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ní èbúté, wọ́n á tò ó síbì kan di ọjọ́ tí ẹ ń lọ sílé. Báwo lẹ ṣe fẹ́ lọ léèsì èèyàn 40? Aṣọ òkè nínú ooru Caribbean, gèlè nínú afẹ́fẹ́ orí dẹ́ẹ̀kì, ta la fẹ́ fi hàn? Àwọn tó kù lórí ọkọ̀, àwọ̀tẹ́lẹ̀ ìlúwẹ̀ ni wọ́n wọ̀, wọ́n ti sùn lọ sórí àga. Ìwọ̀nba àdìrẹ méjì mẹ́ta tí ẹ ká róbótó tó, pẹ̀lú ẹ̀wù kan tó gbayì fún alẹ́ tí wọ́n bá ní ká múra.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti owó ìdúpẹ́ yẹn. Àwọn kan nínú wa, tí ẹ bá fún wọn ní gbohùngbohùn, wọ́n á ná owó lé olórin lórí títí dìde á fi funfun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n á lọ tò síwájú káńtà, pé kí wọ́n yọ owó òṣìṣẹ́ kúrò nínú ìwé àwọn, pé "dandan kọ́". Ẹni tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín lójoojúmọ́ yẹn, ó lè jẹ́ ọmọ Philippines tàbí Indonesia, oṣù mélòó kan ló ti lò lórí omi láì rí ọmọ rẹ̀. Ó ń fowó ránṣẹ́ sílé bí àwa náà ṣe ń fi ránṣẹ́. Ẹ wò ó dáadáa, àbúrò yín ni.

Ní tèmi, báyìí ni mo fẹ́ràn án. Èèyàn méjì, ó pọ̀ tán mẹ́rin. Kí ẹ dé ìlú tí ọkọ̀ ti máa gbéra ní ọjọ́ kan ṣáájú, torí Pearson nígbà òtútù kò ṣeé bá dá àdéhùn, ọkọ̀ òkun kì í sì í dúró de ẹni tí yìnyín dá dúró. Yàrá tó wà láàárín gbùngbùn ọkọ̀, ní àjà ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni kì í fi bẹ́ẹ̀ mì. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pé kì í ṣe abẹ́ ilé ijó. Gravol ní àpò, atalẹ̀ náà dára. Oògùn yín, ìwé yín àti aṣọ kan, ẹ gbé e dání, torí àpótí lè pẹ́ kó tó dé yàrá. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Ìpara ọwọ́ yẹn kì í ran kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru lórí ọkọ̀. Ata gbígbẹ nínú ìgò kékeré tí wọn ò tíì ṣí, ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Oṣù kẹfà sí oṣù kọkànlá ni àsìkò ìjì líle ní Caribbean, ìdí tó fi ń dínwó nìyẹn.

Kí ẹ sì fi ibi tí ẹ máa sọ̀kalẹ̀ sí yan ọkọ̀, kì í ṣe iye òpó ìwẹ̀ tó wà lórí rẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà kan ti wà láti 1886 tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ tó ń lo àsíá ilẹ̀ mìíràn kàn máa kó èrò yípo láàárín èbúté Amẹ́ríkà láì kan ilẹ̀ mìíràn. Nassau ló wà nítòsí Florida, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń yà síbẹ̀. Àwọn èèyàn wa á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò lójú títì Bay, wọ́n á ra agbádá ìlúwẹ̀, wọ́n á padà. Ní apá ìlà-oòrùn ìlú kan náà, ní Fox Hill, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Nango Town. Nàgó ni. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn ń gba àwọn èèyàn wa lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ akẹ́rú, wọ́n sì ń kó púpọ̀ nínú wọn sílẹ̀ ní Bahamas. Àwọn yẹn ò mú aṣọ ẹbí dání. Wọ́n mú èsúsú. Títí di òní, ọmọ Bahamas ń dá asue: wọ́n á kó owó jọ, ẹnì kan á kó o lóṣù yìí, ẹlòmíràn lóṣù tó ń bọ̀. Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, bí wọ́n ṣe ń dá a nílé.

Àwa tí a dé Kánádà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, káàdì tó ń gba èlé bí 20 nínú 100 la fi ń ṣe àríyá. Ẹni 12, dọ́là 200 lóṣù, ẹnì kọ̀ọ̀kan á kó 2,400 ní oṣù tirẹ̀, láì sí èlé. Ẹni tó bá fẹ́ pé 50 lórí òkun, kó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì ṣáájú, kó kọ gbogbo iye rẹ̀ sílẹ̀ láti owó èbúté dé físà, kó sì sọ fún ẹni tí kò lè wá pé wọ́n ṣì jọ ń jẹun. Tí ọkọ̀ bá wá gúnlẹ̀ sí Nassau, ẹ wá takisí lọ sí Fox Hill, ṣùgbọ́n ẹ ka àkókò yín dáadáa, torí ẹni tó bá dá jáde, ọkọ̀ á fi í sílẹ̀. Ẹ bi obìnrin àgbàlagbà kan níbẹ̀ bóyá ó ń dá asue. Ó ṣeé ṣe kó rẹ́rìn-ín, kó sì bi yín pé níbo lẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n.