Ẹran Ni Kó Ṣíwájú Òkèlè

Nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, òfin kan wà nídìí oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀: òkèlè ló ń ṣíwájú, ẹran ló ń kẹ́yìn. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ nawọ́ sí ẹran, olójúkòkòrò ni wọ́n ń pè é. Àwọn àgbà mìíràn kì í tilẹ̀ fún ọmọdé ní ẹyin jẹ, wọ́n ní yóò di olè. Bí a ti tọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn dàgbà nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí òfin yìí lè ṣe ní jàǹbá gidi: àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ kí ara wọn lè fúyẹ́.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù nínú iṣẹ́ abẹ náà. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní sleeve gastrectomy, oníṣẹ́ abẹ yóò gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù dànù. Nínú gastric bypass, àpò kékeré tí kò gbà ju nǹkan bíi mìlílítà 30 lọ ni yóò kù fún oúnjẹ, oúnjẹ yóò sì fo apá kan ìfun kọjá. Ibi tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ni ẹni náà yóò ti wá èròjà amúaradàgbà tí àwọn onímọ̀ sọ pé kò gbọdọ̀ dín ní giramu 60 sí 80 lójúmọ́. Ẹyin kan kò ní ju nǹkan bíi giramu 6 lọ. Ẹ̀bà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní rárá. Bí òkèlè mẹ́ta bá ti kún àpò náà, ibo ni ẹja yóò gbà? Ara tí kò rí èròjà yìí jẹ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ iṣan ara rẹ̀. Irun tó sábà máa ń re lẹ́yìn oṣù mẹ́ta yóò re ju bó ti yẹ lọ, okun yóò sì tán lára. Ìwọ̀n yóò máa sọ pé ẹni náà ń fọ́n, kò sì ní sọ pé iṣan ló ń lọ.

Omi náà ti yí padà. Ẹni tó ti fi omi ti òkèlè lọ́nà ọ̀fun ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kò gbọdọ̀ mu ún mọ́ oúnjẹ mọ́. Yóò dúró tó nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tó bá jẹun tán.

Ní Britain, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí lábẹ́ NHS, àwọn mìíràn sì ń wọkọ̀ òfurufú lọ sí Tọ́kì nítorí pé owó tibẹ̀ kéré. Ìlànà ìlera ilẹ̀ náà ní kí ilé ìwòsàn máa tọ́jú aláìsàn fún ọdún méjì, ó kéré tán. Ta ni yóò ṣe èyí fún ẹni tó padà dé láti Tọ́kì láàárín ọjọ́ díẹ̀? Bí ìwé ìtọ́nisọ́nà bá sì wà, wàràkàṣì òyìnbó àti yógọ́ọ̀tì ló sábà máa ń kún inú rẹ̀, bí ẹni pé àwọn tó ń jẹ ẹ̀wà kò sí láyé.

Oúnjẹ tó bá a mu pọ̀ nílé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti olómi, tí dókítà bá ti gbà kó jẹ oúnjẹ lílọ̀, gbẹ̀gìrì dára púpọ̀, láìsí àmàlà. (Ọ̀rọ̀ yìí lè dun ará Ìbàdàn.) Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́ja tí epo rẹ̀ kò pọ̀ yóò tẹ̀ lé e, àti wàrà, àti ẹja tútù tí a sè rọ̀. Ògì lásán kò tó. Kí wàrà wà nínú rẹ̀. Kí ó sì ṣọ́ra fún ọtí ẹlẹ́rìndòdò, nítorí ṣúgà tó sáré wọ ìfun lè mú kí àyà máa já, kí òógùn bò ó, kí ìgbẹ́ gbuuru sì tẹ̀ lé e.

Àwọn ẹbí ló sì máa ń fa wàhálà jù. “Ó ti rù o!” ni wọ́n ń kígbe, wọ́n á sì bu iyán kún àwo. Ẹni tó bá ń bì fún ọjọ́ mélòó kan kò gbọdọ̀ dúró de àgbo ẹnikẹ́ni. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ kíákíá, nítorí àìtó fítámìnì B1 lè ba ọpọlọ jẹ́.

Ẹni tó bá sì ń ṣírò owó iṣẹ́ abẹ, kó ka owó ẹyin àti ẹja mọ́ ọn, àti ti oògùn fítámìnì tí yóò máa lò títí ayé, àti ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọdọọdún.